Bátìrì méjì nínú mọ́tò kan: kí ni kí n fi yà wọ́n?

Awakọ̀ Kétu
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. HiAce oní-dísẹ̀lì ti 1998 ni mo ń wà. Ìyàwó mi ń ṣe dẹ̀gẹ̀, ìyẹn wàrà tí a pò mọ́ ọkà, ní Àjàṣẹ́, èmi ni mo ń gbé e wá sí Kétu lọ́jọ́ ọjà, nínú fíríìjì kékeré kan tó ń lo iná fólútì 12. Tí mo bá dé, ìtòsí Àkàbà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ni mo máa ń dúró sí. Màá pa ẹ́ńjìnì, fíríìjì á máa ṣiṣẹ́ lọ títí ọjà á fi tú. Lọ́jà tó kọjá, mo yí kọ́kọ́rọ́, "tà" kan ṣoṣo ni mo gbọ́. Ọmọkùnrin mẹ́fà ló bá mi tì í. Dẹ̀gẹ̀ tó kù ti kan, a dà á nù. Ó dùn mí wọra, torí òru ni obìnrin yẹn fi ṣe é.

Mo ti ra bátìrì kejì, olómi, 100 Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà nìyẹn). Ó ku ohun tí yóò ya méjèèjì sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè ní séparateur. Mẹ́ta ni ẹni tó ń tà á fi hàn mí: oní-dáyóòdù, tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, oní-rílè tó ń so wọ́n pọ̀ tó sì ń já wọn fúnra rẹ̀, àti ọ̀kan tó ń gba iná ọ́tánétọ̀ (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti fi pèsè iná), tó ń tún un ṣe kó tó fún bátìrì kejì. Ìkẹta yìí wọ́n gan-an. Èwo ni kí n mú?

Oníná Àjàṣẹ́
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Ẹ kọ́kọ́ fi mítà lé bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́. Tó bá wà láàárín fólútì 13.8 sí 14.4, rílè ni kẹ́ ẹ mú.

Dáyóòdù kì í tètè bàjẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ iná tó bá gba inú rẹ̀ kọjá á dín ní bíi fólútì 0.7. Tí 14.2 bá jáde lọ́tánétọ̀, 13.5 ló máa dé ọ̀dọ̀ bátìrì, bátìrì olómi kò sì lè fi 13.5 yó láàárín wákàtí méjì tẹ́ ẹ fi wakọ̀. Ebi á máa pa á títí yóò fi kú. Bátìrì ni àwọn èèyàn máa ń bú nígbà náà, kì í sì í ṣe ẹjọ́ rẹ̀.

Rílè ń wo fólútì ní tirẹ̀. Tí bátìrì ẹ́ńjìnì bá gòkè dé bíi 13.3, á so wọ́n pọ̀. Tẹ́ ẹ bá pa ẹ́ńjìnì, tó wálẹ̀ dé bíi 12.8, á já wọn, fíríìjì á máa jẹ ti kejì nìkan. Ìkẹta wà fún mọ́tò tuntun tí kọ̀ǹpútà ń dín iná ọ́tánétọ̀ rẹ̀ kù, tàbí fún bátìrì lítíọ́mù. Ẹ má náwó sí i.

Ará Sábẹ̀ẹ́
Súìsì tí a ń fi ọwọ́ yí ni mo lò nínú takisí mi. Mo gbàgbé láti yí i lálẹ́ ọjọ́ kan ní Dásà, bátìrì méjèèjì kú pọ̀. Ẹ gbọ́ ti oníná yẹn.

Awakọ̀ Kétu
Ọ̀gá mi, mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí: 14.3. Nígbà tí mo tan iná iwájú àti fáànù, 14.1. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ni mo fẹ́ gbé bátìrì kejì sí. Wáyà wo ni kí n rà?

Oníná Àjàṣẹ́
Ọ̀nà ẹ̀yìn jìn, jíjìn náà sì ń jẹ iná, nítorí náà ẹ ra wáyà tó nípọn, 25 mm². Ẹ fi ọ̀bẹ họ okùn inú rẹ̀ wò: tó bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ẹ dá a padà.

Ibi tí mo ti ń bẹ̀ yín nìyí: fíúsì méjì ni o, ọ̀kan lẹ́bàá bátìrì kọ̀ọ̀kan. Iná wà ní orí wáyà yẹn méjèèjì. Tó bá ń ha ara irin mọ́tò, tó bó, fíúsì kan ṣoṣo kò lè dá ti apá kejì dúró, wáyà á pọ́n, mọ́tò á jó. Fíúsì 100 A (áńpíà) dára fún rílè 140 A.

Bátìrì olómi tún ń tú gáàsì tó lè gbiná nígbà tó bá ń gba iná. Ẹ gbé e sínú àpótí tó lọ́mọrí, kẹ́ ẹ fi rọ́bà kan gbé gáàsì náà jáde sísàlẹ̀ mọ́tò. Ẹ má gbé e sílẹ̀ gbalasa níbi tí èèyàn ń jókòó sí.

Awakọ̀ Kétu
N kò mọ ti gáàsì yẹn rárá, ọmọ mi kékeré ló sì máa ń sùn síbẹ̀ tá a bá ń padà. Màá lọ bá káfíńtà lónìí fún àpótí náà, kí n tó ra rílè. Ẹ ṣeun púpọ̀.