Aṣọ irun àgùntàn nínú ooru Èkó: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Arìnjìnnà Súrùlérè:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Scotland fi tíṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi. Ó ní irun àgùntàn kan tí wọ́n ń pè ní merino ni wọ́n fi hun wọ́n, kí n máa wọ̀ wọ́n rìn láàárọ̀. Mo ní, irun àgùntàn kẹ̀? Ní Èkó? Ó ní àwọn tó ń gun òkè lọ́dọ̀ wọn, yìnyín ń bọ́ o, oòrùn ń ràn o, òun náà ni wọ́n ń wọ̀.

Ẹ mọ ìrìn mi. Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni mo ń jáde ní Ojúẹ̀lẹ́gbà, mo máa rìn dé Pápá Ìṣeré Súrùlérè, mo máa yí i po bíi ẹ̀ẹ̀mẹta, kí n tó wọ dáńfó lọ sí CMS. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń wẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tíṣẹ́ẹ̀tì pólísítà tí mo ń lò, bí mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, òórùn abíyá ò kúrò lára ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó jókòó tì mí fi ìborùn bo imú láti Ojúẹ̀lẹ́gbà títí a fi sọ̀ kalẹ̀ lórí Afárá Èkó. Kò sọ nǹkan kan o. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ṣé kí n wọ aṣọ yìí? Ṣé kò ní fi ooru pa mí? Ẹyọ kan sì ti bàjẹ́: ọmọ tó ń bá wa fọṣọ rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná, ó bó o mọ́ra, ó ti súnkì bí aṣọ ọmọ ọdún mẹ́ta, ó sì nípọn gbagidi. Ṣé ó ṣì ṣeé nà?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ̀gbọ́n, àgùntàn tí èmi mọ̀ ni ti Iléyá. Ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì òwú yín, kí ẹ jẹ́ kí àgùntàn máa jẹ èèpo iṣu ẹ̀ lọ 😂

Oníkẹ̀kẹ́ Ẹ̀bútẹ̀-Mẹ́ta:
Bọ̀dá, ẹ wọ̀ ọ́. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń wọ tèmi gun kẹ̀kẹ́. Fọ́nrán irun yẹn máa ń fa òógùn sínú ara rẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ooru bíi èyí tó ń rú lára omi gbígbóná, kó tó di omi lẹ́yìn yín. Ó lè gbà tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ kí ọwọ́ yín tó mọ̀ pé ó ti tutù. Òwú ò rí bẹ́ẹ̀. Òwú á mu omi yó, á lẹ̀ mọ́ yín lára, tí atẹ́gùn ọyẹ́ bá sì fẹ́ lù yín láàárọ̀ oṣù kejìlá, ẹ̀ ń gbọ̀n nìyẹn.

Ti òórùn ni ẹ máa fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yín. Òógùn fúnra rẹ̀ kì í rùn, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ẹ́ ló ń mú un rùn. Pólísítà máa ń di òróró ara mú, òórùn á wá kọ́lé síbẹ̀. Irun àgùntàn máa ń gbé òórùn yẹn mì, kì í tú u síta bọ̀rọ̀, tẹ́ ẹ bá sì fọ̀ ọ́, ó ti lọ. Èmi máa ń wọ ẹyọ kan fún ọjọ́ mẹ́ta, mo kàn máa ń fi kọ́ sójú atẹ́gùn lálẹ́ ni. Ìyàwó mi ò gbà á gbọ́ àfìgbà tó fi imú ara ẹ̀ gbóòórùn ẹ̀.

Àmọ́ kí n má parọ́ fún yín. Kì í ṣe ẹ́síì o. Afẹ́fẹ́ Èkó ti mu omi yó kẹ́ ẹ tó ṣílẹ̀kùn, pàápàá lásìkò òjò, nítorí náà tí òógùn bá ti bo aṣọ yẹn pátá, kò ní gbẹ kíá. Pólísítà á gbẹ ṣáájú ẹ̀. Tó bá jẹ́ Máràtọ́ọ̀nù Èkó ni mo fẹ́ sá, 42 kìlómítà láti Súrùlérè dé Eko Atlantic nínú oṣù kejì, pólísítà ni mo máa wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ rìn, tó tún fẹ́ jókòó ti ọmọ ẹlòmíì nínú dáńfó? Àgùntàn.

Ẹ ṣọ́ra fún báàgì ẹ̀yìn. Okùn ẹ̀ ló lu tèmi ní ihò méjì léjìká.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ọjọ́ mẹ́ta láìfọ̀? Ẹ̀yin èèyàn Mainland ẹ ṣeun o.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú:
Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, o ò jẹ̀bi. Àgùntàn ilẹ̀ wa, irun pẹlẹbẹ bíi ti ewúrẹ́ ló wà lára ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń rẹ́ ẹ hun aṣọ. Ìdí nìyẹn tó fi jọ ọ̀rọ̀ àwàdà létí wa. Merino yàtọ̀. Ilẹ̀ Sípéènì ló ti gbòde, ìgbà kan sì wà tí àwọn ọba ibẹ̀ ò gbà kí ẹnikẹ́ni kó o jáde nílùú. Lónìí, Ọsirélíà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù. Irun ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́: èyí tí wọ́n fi ń hun aṣọ ìfarakàn sábà máa ń wà láàárín 17 sí 19 màíkírọ́ọ̀nù (màíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílímítà), irun orí èèyàn sì lè tó 50 sí 100. Ìdí tí kì í fi yún ara bíi súwẹ́tà ilé ìwé ayé ọjọ́sí nìyẹn.

Mo wọ tèmi lọ sí Òbúdú lọ́dún kan. Òkè yẹn ga ju 1,500 mítà lọ, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ti Èkó. Aṣọ kan náà ni mo wọ̀ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì, òun náà ni mo wọ̀ rìn lórí afárá onígi Lẹkki Conservation Centre nígbà tí mo dé. Èyí tó fẹ́lẹ́ ni o. Èyí tó nípọn, ẹ fi sílẹ̀ fún àbúrò yín ní Scotland.

Ọ̀rọ̀ fífọ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú. Omi tútù, ọṣẹ jẹ́jẹ́, ọṣẹ ìfọrun gan-an dára. Ẹ má bó o, ẹ má lọ́ ọ fún, ẹ fi tówẹ́ẹ̀lì ká a kó mu omi, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí nǹkan pẹrẹsẹ níbòòji. Bílíìṣì ò gbọdọ̀ kàn án rárá, ńṣe ló máa jẹ ẹ́ run. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀ pẹ́, ẹ fọ̀ ọ́ mọ́ kẹ́ ẹ dì í sínú ọ̀rá pa, torí kòkòrò tó ń jẹ aṣọ fẹ́ràn ẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ràn ẹ̀ lọ.

Telọ Tejúoṣó:
Ẹni tí kò ní àbúrò lókè òkun, tó fẹ́ lọ ṣa òkìrìkà ní Kàtàngúwà, kó tẹ́tí. Wọ́n á ní irun àgùntàn ni, kò sí èyí tí wọn ò ní sọ. Ẹ fa fọ́nrán kan yọ nínú, ẹ ṣáná sí i. Irun àgùntàn á máa rùn bí adìẹ tí wọ́n ń wì, iná ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má ràn, eérú ẹ̀ á fọ́ lẹ́búlẹ́bú láàárín ìka. Pólísítà á yọ́, á di kókó dúdú kan tó le. Tó bá jẹ́ òwú, òórùn bébà ni. Ẹ wo àkọlé ọrùn ẹ̀ náà: giráàmù 150 fún mítà kan níbùú lóòró ló bá ooru wa mu, 250 ti di aṣọ òtútù.

Bọ̀dá Arìnjìnnà, èyí tó súnkì ò ṣeé nà mọ́ o. Fọ́nrán ẹ̀ ní ìpẹ́ bíi ti ẹja. Omi gbígbóná àti bíbó ti jẹ́ kí àwọn ìpẹ́ yẹn há mọ́ra wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má jù ú nù. Ó ti di nǹkan tí èèyàn lè fi sísọ́ọ̀sì gé láìtú. Ẹ gbé e wá.

Arìnjìnnà Súrùlérè:
Mo ti padà dé o. Mo wọ aláwọ̀ eérú lọ́jọ́ Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú. Ooru mú mi, irọ́ kọ́, ẹ̀yìn mi tutù títí mo fi dé ibi iṣẹ́. Òjò tún pa mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rùn díẹ̀ bí àgùntàn tí wọ́n so sábẹ́ àtíbàbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ọjọ́rú, mo fún ìyàwó mi ní abíyá ẹ̀ kó gbóòórùn ẹ̀. Ó fi imú kàn án, ó tún fi kàn án, ó ní, "Ṣé ó dá ẹ lójú pé o rìn?"

Telọ ti fi èyí tó súnkì rán fìlà abetí-ajá fún ọmọ mi ọkùnrin. Kò jẹ́ kí wọ́n ṣí i lórí òun látàárọ̀. Òógùn ti bo gbogbo iwájú orí ẹ̀. Ìyá ẹ̀ ní kó bọ́ ọ, ó ní bàbá òun náà ń wọ àgùntàn.