Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé eré ìdárayá mi ti di àṣejù?

Asáré Òwúrọ̀:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Láti oṣù méjì sẹ́yìn ni mo ti ń sáré lójoojúmọ́, tí mo sì ń gbé irin nígbà mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ara mi kọ́kọ́ ń dá ṣáṣá, àmọ́ ní báyìí, ibi tí mo máa ń fi ìṣẹ́jú 30 sá dé tẹ́lẹ̀ ti ń gbà mí ní ìṣẹ́jú 35, oorun kì í kùn mí lóru bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu, mo sì ń kanra mọ́ àwọn ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan. Mo rò pé ọ̀lẹ ló fẹ́ wọ̀ mí lára, ni mo bá fi kún eré náà. Ṣé ọ̀lẹ ni lóòótọ́?

Kóòṣì:
Ọ̀lẹ kì í jí sáré lójoojúmọ́. Ìgbà tí a bá ń sinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe, kì í ṣe ìgbà tí a bá ń làágùn, nítorí náà ẹni tí kò sinmi kàn ń bà á jẹ́ lọ ni. Ìrora tó ń tẹ̀ lé eré tí ara kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń le jù láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, lẹ́yìn náà á lọ. Ìyẹn kò burú. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí ẹ máa ṣe púpọ̀ sí i, kí agbára yín sì máa dínkù. Kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn láàárọ̀, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́ yín, kí ẹ ka iye ìgbà tí ọkàn yín lù láàárín ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá fi bíi 5 sí 10 ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ọjọ́ mélòó kan léraléra, ẹ dẹwọ́. (Ẹ má sọ nọ́ńbà náà di òrìṣà o, ọtí, ooru àti ibà náà lè gbé e sókè.)

Ìyá Ìbejì:
Ẹ wo oúnjẹ yín pẹ̀lú. Nígbà tí èmi ń sáré bẹ́ẹ̀, nǹkan oṣù mi dá dúró fún oṣù mẹ́ta, mo sì ń yọ̀ pé ìnira kan ti kúrò nílẹ̀. Dókítà ló ṣàlàyé pé oúnjẹ tí mò ń jẹ kò tó agbára tí mò ń ná, àti pé egungun lè tipa bẹ́ẹ̀ di ẹlẹgẹ́.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo tó ń fi àṣejù yìí hàn, ṣùgbọ́n àìtó ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ àti àìsàn thyroid (ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn) máa ń fara jọ ọ́, nítorí náà àyẹ̀wò ṣì dára. Bí iṣan bá wú, tí ó ń roni gan-an, tí ìtọ̀ sì dúdú bíi tíì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí iṣan tó ń bàjẹ́ lè pa kíndìnrín lára.

Asáré Òwúrọ̀:
Ẹ ṣeun púpọ̀. 74 ni mo kà láàárọ̀ yìí, bẹ́ẹ̀ 62 ni nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mélòó ni kí n fi sinmi?

Kóòṣì:
Ẹ pa gbogbo rẹ̀ tì fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ kàn máa rìn jẹ́jẹ́. Bí agbára yín bá padà láàárín ìgbà yẹn, a jẹ́ pé ẹ kò tíì wọ inú rẹ̀ jìnnà. Ẹ fi ìdajì ohun tí ẹ ń ṣe tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ya ọjọ́ kan, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ìsinmi lọ́sẹ̀. Bí kò bá padà, ẹ lọ rí dókítà, nítorí èyí tó bá ti wọra lè gba oṣù díẹ̀ kó tó kúrò.