Iléeṣẹ́ rélùwéè wo ni kí n kọ ìtàn rẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn: Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Wọ́n ní kí n kọ ìtàn iléeṣẹ́ rélùwéè kan tó ṣiṣẹ́ ní agbègbè kan ní Amẹ́ríkà ṣáájú ọdún 1900. Èwo ni ẹ rò pé ó yẹ kí n mú, ibo sì ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Túndé: Baltimore and Ohio ni kí o mú. Ọdún 1827 ni wọ́n dá a sílẹ̀, àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ sì pọ̀ jaburata.

Ìyá Ìbejì: Ẹ má bínú, Bàbá Túndé, èyí ti fẹ̀ jù fún ẹni tó ń wá ti agbègbè kan ṣoṣo. South Carolina Canal and Rail Road Company ni mo fara mọ́. Ọdún 1827 kan náà ni wọ́n dá òun náà sílẹ̀. Òwú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi. Òwú tí àwọn àgbẹ̀ ń kó gba odò lọ sí èbúté Savannah ni àwọn oníṣòwò Charleston fẹ́ fà wá sọ́dọ̀ ara wọn, ni wọ́n fi la ojú irin lọ sí Hamburg, ìlú kan ní South Carolina, tó wà ní òdìkejì odò sí Augusta ní Georgia. Nígbà tó débẹ̀ ní 1833, máìlì 136 ni gígùn rẹ̀, kò sì sí ojú irin tó gùn tó o lágbàáyé.

Awakọ̀ Àtijọ́: Má fo ti oṣù Kẹfà 1831. Ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́, Best Friend of Charleston, ti ń gbé èrò láti ọjọ́ Kérésìmesì 1830. Wọ́n ní ariwo ooru omi tó ń tú jáde ló sú òṣìṣẹ́ dúdú tó ń kóná, ló bá dí ibi tó ń gbà jáde. Ìkòkò omi náà bú gbàmù, ọkùnrin náà sì bá a lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ẹrù kan tí wọ́n to ìdì òwú sí sáàárín ẹ̀rọ àti èrò. Òwú tí wọ́n torí rẹ̀ la ọ̀nà tún wá di asà!

Ìyá Ìbejì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ má gba gbogbo ojú ìwé rẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gé igi tí wọ́n sì ri òpó ojú irin náà mọ́lẹ̀ nínú irà jẹ́ ẹrú tí àwọn olóko fi háyà fún iṣẹ́ náà.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ìtàn: Ẹ ṣé púpọ̀, Mà. Èyí ni n ó mú.

Awakọ̀ Àtijọ́: Nígbà náà, wá a lórúkọ South Carolina Railroad pẹ̀lú, nítorí orúkọ yẹn ló ń jẹ́ láti àwọn ọdún 1840.