"Ẹgbẹ́ awo" kọ́, "ẹgbẹ́ ọmọ ìyá" ni

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìtàn àwọn fraternity obìnrin, ìyẹn ẹgbẹ́ táwọn akẹ́kọ̀ọ́ obìnrin ń dá sílẹ̀ ní yunifásítì Amẹ́ríkà, béèrè orúkọ tí a óò pè wọ́n. Ẹnì kan ní "ẹgbẹ́ awo obìnrin", ẹlòmíràn ní "ẹgbẹ́ arábìnrin". Èmi ò fara mọ́ ìkankan.

Bí òbí bá ka "ẹgbẹ́ awo" lórí ọ̀rọ̀ yunifásítì lóde òní, ẹgbẹ́ òkùnkùn ló máa wá sí i lọ́kàn, àyà rẹ̀ á sì já. Lóòótọ́, àwọn obìnrin 12 tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Monmouth, Illinois, lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 1867 ní àṣírí tiwọn. I.C. Sorosis ni wọ́n sọ ọ́, wọn ò sì jẹ́ kí ará ìta mọ ohun tí I.C. ń jẹ́. Àmọ́ ta ni kò ní àṣírí? "Arábìnrin" ní tirẹ̀ ti di ti ṣọ́ọ̀ṣì. Ìpàdé àdúrà ni etí máa gbọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí ìjà náà gan-an. Ọmọ ìyá ọkùnrin ni frater nínú èdè Látìn, ibẹ̀ ni fraternity ti wá. Àwọn obìnrin ń jẹ́ fraternity nítorí pé kò sí orúkọ mìíràn nílẹ̀ fún wọn. Ọdún 1882 ni wọ́n ní Frank Smalley, olùkọ́ Látìn ní Syracuse, dábàá sorority, láti ara soror, ọmọ ìyá obìnrin, fún Gamma Phi Beta, ẹgbẹ́ obìnrin tó ti wà láti 1874. Àwọn tó ti wà ṣáájú ò yí tiwọn padà: fraternity ni Kappa Kappa Gamma, ẹgbẹ́ obìnrin mìíràn, ń pe ara rẹ̀ títí dòní.

Kí ló kan Yorùbá níbẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, àbúrò, ọmọ ìyá: èwo ló béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin? "Ẹgbẹ́ ọmọ ìyá" tó. Bó bá pọn dandan, ẹ fi "obìnrin" kún un. Ẹni tó bá ní wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà, ṣé kò tíì gbọ́ báwọn ìyá ọlọ́jà ṣe ń pe ara wọn ni?

Àbúrò mi, ohun kan ṣì kù. Ọdún 1888 ni I.C. Sorosis di Pi Beta Phi. Bẹ́ẹ bá rí orúkọ àtijọ́ nínú ìwé tó ti jáde ṣáájú ìgbà yẹn, ẹ má tún un ṣe. Ẹ má sì sọ ẹgbẹ́ 1867 di sorority. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ti ìwé ìròyìn wọn rọrùn. "Kọ́kọ́rọ́ Wúrà" dára fún The Golden Key tí Kappa Kappa Gamma gbé jáde lọ́dún 1882. "Ọfà" náà dára fún The Arrow tí I.C. Sorosis gbé jáde lọ́dún 1885, àmọ́ ẹ dákun, ẹ má gbàgbé àmì ohùn. Bẹ́ẹ bá kọ "Ọ̀fà" pẹ́nrẹ́n, àwọn ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín á ní ìwé ìròyìn ìlú àwọn ni.