Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: ṣé kí n fowó ra ṣíà kọ́ńpìnnì kọ́pà tó wà láàárín aṣálẹ̀?

Mo-ṣẹ̀ṣẹ̀-bẹ̀rẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ kan ti ń gbé mi sùn gbé mi jí láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Owó kan wà lọ́wọ́ mi tí mo ti ń tù jọ láti ọdún mẹ́fà, ọkọ àbúrò mi wá ní kí n fi ìdajì ẹ̀ ra ṣíà kọ́ńpìnnì kan tó ń wa kọ́pà, ó ní ọkọ̀ oníná, wáyà iná, àwọn ilé kọ̀ǹpútà ràgàjì tí wọ́n ń kọ́ káàkiri, kọ́pà ni gbogbo ẹ̀ ń jẹ, pé iye ẹ̀ máa gòkè dandan. Ìyẹn yé mi. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ibi ìwakùsà ẹyọ kan ṣoṣo ni kọ́ńpìnnì yìí ní, inú aṣálẹ̀ ló sì wà. Mo ka rípọ́ọ̀tù ọdọọdún wọn (mo kà á o, mi ò kàn wo àwòrán inú ẹ̀), wọ́n ní ìdá 80 nínú 100 omi táwọn ń lò jẹ́ èyí táwọn ti lò rí táwọn tún ń lò. Mo bi ọkọ àbúrò mi pé tí ọ̀dá bá wá dá ńkọ́, ó ní ṣé oko ni wọ́n ń dá níbẹ̀ ni. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, àmọ́ kò dá mi lóhùn. Ẹ bá mi dá sí i.

Ìṣirò-ni-tèmi:
Àbúrò, ra ṣíà ẹ jàre. Gbogbo ohun tó o mọ̀ yìí, àwọn olówó ńlá ti mọ̀ ọ́n kó o tó mọ̀ ọ́n, ó ti wà nínú iye tí wọ́n ń tà á. Kọ́pà ni kó o máa wò, fi omi sílẹ̀.

Ẹnjiníà Àgbà:
Mo kí gbogbo ilé. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà mẹ́ta kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Ọkọ àbúrò yín rò pé òkúta ni wọ́n ń wà. Òótọ́ ni, àmọ́ omi ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀. Níbi púpọ̀ lónìí, tẹ́ ẹ bá gbẹ́ tọ́ọ̀nù òkúta kan, kọ́pà inú ẹ̀ kì í tó kílò mẹ́wàá. Wọ́n á lọ òkúta yẹn kúnná, wọ́n á pò ó mọ́ omi àti kẹ́míkà, wọ́n á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, kọ́pà á bá fóòmù léfòó sókè, ìyókù á di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní tailings, ẹ rántí orúkọ yẹn torí a máa padà dé ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń wà á tó, kọ́pà inú òkúta ń dín kù, òkúta tí wọ́n máa lọ̀ kí wọ́n tó rí tọ́ọ̀nù kan ń pọ̀ sí i, omi náà á máa pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ kọ́pà tí wọ́n tà kò pọ̀ sí i o.

Ìdá 80 tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Omi kan náà lè yípo ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá nínú ilé iṣẹ́, wọ́n á kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Oòrùn ń fà nínú ẹ̀, ẹrẹ̀ ń mu nínú ẹ̀, eléyìí tí oòrùn fà àti eléyìí tí ẹrẹ̀ mu kì í padà wá. Omi tuntun tí wọ́n gbọ́dọ̀ rí lójoojúmọ́ láti fi dí àlàfo yẹn ni kẹ́ ẹ béèrè, àti ibi tí wọ́n ti ń rí i, àti ta ló tún ń mu níbẹ̀.

Ẹ wo Chile. Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ yẹn ní 2010 kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí tó fi lé ní ọdún mẹ́wàá. Ibi ìwakùsà Los Bronces tó jẹ́ ti Anglo American dín kọ́pà tó ń ṣe kù nítorí omi, Los Pelambres ti Antofagasta náà ṣe bẹ́ẹ̀. Escondida tí BHP ń darí ní tiẹ̀ fi omi abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀, ó lọ kọ́ ilé iṣẹ́ tó ń yọ iyọ̀ kúrò nínú omi òkun, dọ́là bílíọ̀nù 3.43 ló ná wọn, lítà 2,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n wá ń fi pọ́ǹpù tì í gòkè lọ sí nǹkan bíi mítà 3,200. Ẹ ro iye iná tí ìyẹn ń jẹ. BHP lówó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́ńpìnnì oníbi-kan-ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ rà, tí wọ́n bá ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́la, níbo ló ti máa rówó? Ẹ̀yin onípìn-ín ni wọ́n máa wá bá, wọ́n á tẹ ṣíà tuntun jáde, tiyín á fúyẹ́.

Ìyá Ìbejì:
Ẹnjiníà, Ọlọ́run á máa fún yín ní àlàáfíà. Àbúrò mi, èmi ti jẹ iyán ẹ níṣu. Mo ra ṣíà kọ́ńpìnnì góòlù kékeré kan (mi ò ní dárúkọ wọn), kò sí ọ̀dá níbẹ̀ rárá, òjò ń rọ̀ dáadáa, mo ní mo ti rí towó ṣe. Àṣé ibi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, orísun omi àwọn ará ìsàlẹ̀ ló wà níbẹ̀. Àwọn èèyàn náà jókòó sójú títì, wọ́n ò dìde, ìjọba dá iṣẹ́ dúró "fún ìgbà díẹ̀", ìgbà díẹ̀ yẹn ló di ọdún mẹ́rin, ṣíà mi wá di bébà lásán. Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀rọ̀ omi yẹn wà nínú ìwé wọn o, ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kan, lẹ́tà tín-ín-tìn-ín. Èmi ni mi ò kà á.

Sùúrù-lérè:
Kì í ṣe ti Ìyá Ìbejì nìkan. Conga ní Cajamarca ní Peru, iṣẹ́ ìwakùsà góòlù dọ́là bílíọ̀nù 4.8 tí kọ́ńpìnnì Newmont wà nídìí ẹ̀, àwọn adágún orí òkè ni wọ́n fẹ́ fà gbẹ kí wọ́n fi adágún àtọwọ́dá rọ́pò ẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, iṣẹ́ dúró ní November 2011. Pascua-Lama ti Barrick náà, ẹ̀bá òkìtì yìnyín ní ààlà Chile àti Argentina, kóòtù dá a dúró ní 2013, wọ́n yọ bílíọ̀nù 5.1 dọ́là kúrò nínú iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un ní ọdún yẹn kan náà, ní 2020 kóòtù ní kí wọ́n tì í pátápátá. Góòlù ṣì wà nínú ilẹ̀ o. Omi ni wọn ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn.

Ìṣirò-ni-tèmi:
Ẹ ti ń dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ. Kọ́ńpìnnì mélòó nínú ẹgbẹ̀rún nirú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí? Tí ọ̀dá bá dá tí gbogbo wọn dín kọ́pà kù, ṣé iye kọ́pà ò ní gòkè ni? Ẹni tó ní ṣíà á tún jèrè.

Ẹnjiníà Àgbà:
Ẹni tí ibi tiẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ló máa jèrè yẹn o. Ní òpin 2010 wọ 2011, òjò àrọ̀ìdá ní Queensland ní Australia kún kòtò èédú àwọn èèyàn, iye èédú tí wọ́n fi ń ṣe irin fò sókè lóòótọ́, àmọ́ àwọn tí kòtò wọn kún fún omi ò rí nǹkan tà, wọn ò sì lè ṣàdédé fa omi ẹlẹ́gbin yẹn dà sódò torí ìwé àṣẹ wọn ò gbà á. Ọ̀dá burú, òjò àpọ̀jù náà burú. Mo tún rántí Zambia ní 2024, ọ̀dá mú kí omi adágún Kariba lọ sílẹ̀ gan-an, iná tí wọ́n ń rí níbẹ̀ lọ sílẹ̀, àwọn ìwakùsà ń ra iná láti òkèèrè. Omi tí wọ́n fi ń lọ òkúta ò tán, omi tó ń fún wọn níná ló tán. Ẹni tó bá kàn ń wo iye lítà nínú rípọ́ọ̀tù ò lè rí ìyẹn láéláé.

Sùúrù-lérè:
Ẹ̀gbọ́n Ìṣirò, ẹ ní ó ti wà nínú iye ṣíà. Ní Friday 25 January 2019, dáàmù tailings kọ́ńpìnnì Vale tó ń wa irin já ní Brumadinho ní Brazil, èèyàn 270 ló bá a lọ, ilé ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ dáàmù yẹn gan-an. Tí ọjà ṣí ní Monday, ṣíà Vale já wálẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 24 nínú 100 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n dá dífídẹ́ńdì, ìyẹn èrè tí wọ́n ń pín fún onípìn-ín, dúró. Ó ti wà nínú iye ẹ̀ ní Thursday àbí? Wọ́n sì ti fọwọ́ síwèé ní ọdún tó ṣáájú pé dáàmù yẹn dúró gbọin.

Ìṣirò-ni-tèmi:
Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ nà, dáàmù tí wọn ò kọ́ dáadáa ni.

Ẹnjiníà Àgbà:
Ìdajì òótọ́ lẹ sọ. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ kò dáa, orí ẹrẹ̀ inú ẹ̀ ni wọ́n ń gbé ògiri lé bó ṣe ń kún, Brazil ti fòfin de irú ẹ̀ báyìí. Àmọ́ ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò kọ ọ́ sílẹ̀ ní December 2019 pé òjò tó ti ń rìn wọnú ẹ̀, títí kan òjò líle ìparí 2018, wà lára ohun tó dẹ ẹrẹ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ dáàmù tó wà nílẹ̀ lónìí, òjò ayé àtijọ́ ni wọ́n fi ṣírò ẹ̀. Òjò ìsinsìnyí ò mọ ìṣirò yẹn.

Akáńtáǹtì-adúró-ṣinṣin:
Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí àròyé, ẹni tó béèrè fẹ́ mọ ohun tó máa ṣe. Àbúrò, wá àtẹ ilẹ̀ Aqueduct ti World Resources Institute lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, fi ibi ìwakùsà yẹn sí i, á sọ fún ẹ bí omi ṣe ṣọ̀wọ́n tó níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn wá dáàmù wọn lórí Global Tailings Portal tí wọ́n ṣí ní January 2020, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Inú ìbínú Brumadinho ló ti jáde, àjọ owó ìfẹ̀yìntì Ìjọ England àti àwọn ti Sweden ló kọ lẹ́tà sí kọ́ńpìnnì tó lé ní 700 pé kí wọ́n kó gbogbo dáàmù wọn síta. Bí kọ́ńpìnnì tìẹ ò bá sí níbẹ̀, bi wọ́n léèrè ìdí. Bi wọ́n bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé ìlànà tailings àgbáyé tó jáde ní August 2020.

Nínú rípọ́ọ̀tù, àwọn tó bá ń lo IFRS S2, ìlànà àgbáyé fún rípọ́ọ̀tù kọ́ńpìnnì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2024, gbọ́dọ̀ sọ ewu ojú ọjọ́ tó lè kan owó wọn. Ibi tí mo máa ń wò jù ni omi tí wọ́n fà láti agbègbè tí omi ti ṣọ̀wọ́n. Kọ́ńpìnnì ńlá á kó ibi ìwakùsà mẹ́wàá pọ̀ á pín in dọ́gba, nọ́ńbà á dùn ún wò, ibi kan tó ń mú ìdajì èrè wọn wá sì lè ti gbẹ. Tìẹ dára ní ti pé ẹyọ kan ni, kò síbi tí wọ́n máa fi nǹkan pamọ́ sí. Ohun kan náà ló fi burú o. Ìdajì owó ọdún mẹ́fà sórí kòtò kan? Èmi ò ní ṣe é, omi ì báà pọ̀ bí òkun.

Mo-ṣẹ̀ṣẹ̀-bẹ̀rẹ̀:
Ẹ ṣeun ẹ̀yin àgbà, mo ti ṣe bẹ́ ẹ ṣe wí. Àtẹ ilẹ̀ yẹn pupa foo níbi ìwakùsà wọn, ìyẹn ni pé omi ṣọ̀wọ́n gan-an níbẹ̀. Mo kọ ìwé sí wọn, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n tó fèsì, wọ́n ní omi abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ń fà, pé ìwé àṣẹ àwọn ṣì ku ọdún márùn-ún, àwọn "ń gbé àwọn ọ̀nà mìíràn yẹ̀ wò". Mo bi wọ́n pé èló ni ọ̀nà mìíràn yẹn máa náni, wọn ò tíì dáhùn. Nípa dáàmù, wọ́n ní méjì làwọn ní, mi ò rí ju ọ̀kan lọ lórí portal yẹn. Mo ti ní mi ò fi ìdajì owó síbẹ̀ mọ́, mo ń wo àpò ìdókòwò tó kó ṣíà kọ́ńpìnnì púpọ̀ pọ̀ sójú kan, àmọ́ mi ò tíì fọwọ́ sí nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì:
Ọ̀kan tí ò sí lórí portal yẹn, má jẹ́ kó sinmi o. Tún kọ ìwé sí wọn. Ọkọ àbúrò ẹ ńkọ́, kí ló wí?

Mo-ṣẹ̀ṣẹ̀-bẹ̀rẹ̀:
Ó ti ra tiẹ̀ láti oṣù tó kọjá mà. Ó pè mí lálẹ́ àná, ó ní kí n ṣàlàyé fún òun kí ni tailings.