Mo ti rí ẹ̀rọ agbóhùnsókè kékeré tí mo ń wá

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀rọ kékeré tí mo bi yín léèrè, èyí tí yóò gbé ohùn íàpíìsì mi sókè láìná owó púpọ̀, mo ti rí i rà nítòsí Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́ níbí. Ojú ihò chájà fóònù la ń kì í bọ̀. Kò ní bátìrì tirẹ̀, fóònù ló ń fún un níná. Èyí tó tóbi tí mo kọ́kọ́ dán wò ń dún ṣììì nígbàkígbà tí orin bá rọlẹ̀, ó sú mi. Ẹni tó ní kí n wo ohm, ìyẹn ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ kú làákàyè o! Íàpíìsì mi jẹ́ ohm 16, ti ẹ̀rọ kò sì yẹ kó ju ìdá kan nínú mẹ́jọ rẹ̀ lọ, ìyẹn 2, kí ohùn má baà yí padà. Gángan ń dún ketekete báyìí.