Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, wọ́n dá mi sí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde níbi iṣẹ́ wa pé àwọn yóò dín òṣìṣẹ́ kù ni kò ti sí ẹni tó ń wo ojú ẹnì kejì rẹ̀ tààrà mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa máa lọ, wọ́n ti gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó ráyè dágbére, ọjọ́ náà gan-an sì ni ọ̀gá wa kọ̀wé sí àwa tó kù pé kí a tújú ká, nítorí pé nǹkan yóò dára. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó wà lára àwọn tó lọ. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí ẹnì kan fi wá gbé àga rẹ̀, ó ní ó tura ju tòun lọ. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ti di tèmi nìkan, bí mo bá sì ráhùn, wọ́n á ní kí n máa dúpẹ́ pé mo ṣì níṣẹ́. Inú ń bí mi, àánú ń ṣe mí, ohun mìíràn tí n kò lè dárúkọ sì tún ń gún mi lọ́kàn. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, orí ló kó ọ yọ, dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n dá ọkọ mi dúró, ó tó oṣù mélòó kan tó fi ń múra bí ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀ kí àwọn ọmọ má baà mọ̀. Ìwọ ń sọ̀rọ̀ àga!

Akọ̀wé: Àbẹ̀kẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ kò sọ ohun tí a nílò jù. Ọ̀nà wo ni wọ́n gbà yan àwọn tó lọ? Ǹjẹ́ wọ́n ti parí rẹ̀, àbí ó ku ìpele kejì? Ṣé wọ́n bá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú? Àdéhùn 158 ti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ti ọdún 1982, ní kí agbanisíṣẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀ àti iye ènìyàn tí ó kàn fún aṣojú òṣìṣẹ́ ní àkókò tó yẹ, kí wọ́n sì jọ wá ọ̀nà láti dín ìpalára rẹ̀ kù. Àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i nìkan ló dè, nítorí náà ẹ wo òfin ti ibi tí ẹ wà.

Bàbá Rere: Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ ọkàn ló béèrè, ẹ ń ka òfin fún un. Joel Brockner, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ti ń ṣe ìwádìí nípa àwọn tó ṣẹ́kù lẹ́yìn irú nǹkan báyìí láti àwọn ọdún 1980, ohun tó sì rí ni pé bí àwọn tó ṣẹ́kù bá gbà pé agbanisíṣẹ́ rẹ́ àwọn tó lọ jẹ, ìfẹ́ iṣẹ́ náà a máa kúrò lọ́kàn àwọn tó ṣẹ́kù fúnra wọn. Kì í ṣe àìmoore ló ń dà á láàmú.

Ìyá Ìbejì: Ìwádìí kò san owó ilé-ìwé ọmọ ẹnikẹ́ni. Kí ó dúpẹ́.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun, mà. Mò ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àga náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí ẹni tó gbé e ti jẹun pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi lọ́pọ̀ ìgbà.

Akọ̀wé: Ẹ kò tíì dáhùn. Báwo ni wọ́n ṣe yàn wọ́n?

Àbẹ̀kẹ́: Kí wọ́n tó yan ẹnikẹ́ni, wọ́n ní kí ẹni tó bá fẹ́ fínnúfíndọ̀ lọ kọ̀wé, àwọn yóò sì san owó ìdádúró fún un. Mo kọ̀wé. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá owó tí n óò fi dá iṣẹ́ ara mi sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè yọ̀ǹda mi. Ọ̀rẹ́ mi tó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dá òun sí ni wọ́n fi owó náà ṣe sìn-ín-lọ fún. Kò mọ̀ pé mo kọ̀wé.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ìlara ni ohun tí o kò lè dárúkọ.

Àbẹ̀kẹ́: Mà, bí ó bá jẹ́ ìlara, kò mú mi ṣe ibi sí i. Mo ń fi ìkéde iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, kò sì dáhùn.

Bàbá Rere: Ẹ sọ fún un kí ó tó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Akọ̀wé: Ọ̀rọ̀ ti yí padà pátápátá nìyẹn. Ẹ má ṣe fi ìbínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ẹni tó bá fúnra rẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ̀ fún un kì í sábà rí owó ìdádúró gbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn nínú ìwé bóyá ìpele kejì ń bọ̀, àti bóyá wọn yóò tún ìbéèrè yín gbé yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá ní àwọn kò lè ṣe é láìsí yín, kí wọ́n sọ èwo nínú iṣẹ́ ẹni mẹ́ta náà ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí wọ́n sì sọ ohun tí wọn yóò fi kún owó oṣù yín.

Àbẹ̀kẹ́: N óò kọ ìwé náà lọ́la. Ti ọ̀rẹ́ mi, n kò ní sọ fún un ní báyìí.

Ìyá Ìbejì: Ó máa gbọ́ ṣá o.